Bí Ìrora Inú Ṣe Kọ́ Mi Níṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní Kétu

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń ro ohun tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Fọláṣadé ni orúkọ mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Kétu, lójú ọ̀nà Ìkòsì, ni mo sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Aunty Ṣadé ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tó yá, mo di Sísítà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, àwọn dókítà gan-an ti ń pè mí ní Mummy. Mo gbádùn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ ìyẹn, torí ọ̀rọ̀ ìrora pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹni tí kò bá sì mọ̀ mí lè rò pé ẹkún ni mo fi ọjọ́ ayé mi sun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. A rẹ́rìn-ín gan-an ní wọ́ọ̀dù yẹn.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo parí ìwé girama, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀ ní kí n wá máa bá àwọn gbé. Wọ́n mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan, bí mo ṣe wọ ilé ìwòsàn náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò gba àlàyé. Ó tó ra ọṣẹ, ó sì tó wọ mọ́tò. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni kí n máa gbálẹ̀, kí n máa fọ abọ́ èébì, kí n sì máa se abẹ́rẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, a máa ń se abẹ́rẹ́ nínú ìkòkò bí ẹni ń se ẹyin.

Dókítà ló ni ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Mátírọ́ọ̀nù ló ni wọ́ọ̀dù. Tí dókítà bá fẹ́ wọlé, yóò kọ́kọ́ nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni Mátírọ́ọ̀nù, wọ́n rí tínínrín, wọn kì í sì í pariwo. Tí wọ́n bá ń bínú, ńṣe ni ohùn wọn á túbọ̀ máa lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù á sì bà wá. Wọ́n máa ń fi ìka fa igun aṣọ tá a tẹ́ sórí ibùsùn. Tó bá tú, wọ́n á ká gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n á ní ká tún un tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin wọn ni pé kí gbogbo aláìsàn dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí orí wà lórí ìrọ̀rí, kí aṣọ ìbora dé àyà, kí wọ́ọ̀dù gún régé. Wọ́n ní tí ẹbí aláìsàn bá wọlé tí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀ pé àwọn tó mọṣẹ́ ni àwọn gbé èèyàn àwọn wá bá.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣe tí kì í jẹ́ kí n lè jẹun àárọ̀. Tí mo bá ti rìn yí wọ́ọ̀dù ká, tí mo jáde, wọ́n á dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kí n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ohun tí mo rí.

"Ṣadé, kí ni bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń ṣe?"

"Wọ́n ń sùn, Mà."

"Báwo ni ìka ẹsẹ̀ wọn ṣe wà?"

Mi ò mọ̀. Ta ló ń wo ìka ẹsẹ̀?

"Wọ́n ká a kò bí ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ mú nǹkan. Ẹni tó ń sùn kì í ṣe ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibì kan ń ro wọ́n. Lọ bá wọn, má sì pariwo bi wọ́n léèrè."

Mo lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ síbi etí bàbá náà, mo bi wọ́n jẹ́jẹ́ bóyá ibì kan ń dùn wọ́n. Omijé lé sí wọn lójú. Láti àárọ̀ ni wọn ò ti rí ìtọ̀ tọ̀, ojú ló sì ń tì wọ́n láti sọ fún ọmọdébìnrin. Kò pẹ́ tí dókítà fi bá wọn tú u. Bàbá yẹn súre fún mi títí tó fi dà bíi pé èmi ni mo da omi jáde lára wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ìka ẹsẹ̀ èèyàn. Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wò ó.

Ibi tó dùn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Alápẹ̀rẹ̀, Bùròdá Rafíù ni wọ́n ń jẹ́. Télọ̀ ni wọ́n, àwọn ló rán yunifọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ wọ̀. Wọ́n rán an fún ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, wọ́n ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ rí bí ẹni tó lè sáré. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń run wọ́n. Àwọn tó ń ta oògùn lójú títì sọ fún wọn pé ọgbẹ́ inú ni, èyí táwọn èèyàn ń pè ní ọ́sà, oògùn funfun inú ìgò sì ni wọ́n ń mu sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé Bùròdá Rafíù wá bá wa. Òógùn bò wọ́n, wọ́n ń bì, wọ́n sì fi apá méjèèjì gbá ikùn mú. Dókítà wa tẹ inú wọn wò, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ́sà yẹn náà ló le sí i. Kò sí sikáànù, ẹ̀rọ tó ń fi inú ara hàn, lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ tá a bá fẹ́ yẹ̀ wò dáadáa, ọ̀nà jíjìn là ń gbé e lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ nígbà yẹn sì ni pé tí wọ́n bá tètè fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ìrora, abẹ́rẹ́ náà á bo àìsàn mọ́lẹ̀, dókítà ò ní lè rí i mọ́. Torí náà, a fa omi sí wọn lára, a ní kí wọ́n fara dà á.

Bùròdá Rafíù ò fẹ́ dùbúlẹ̀. Tá a bá tẹ́ wọn gbọọrọ gẹ́gẹ́ bí òfin wọ́ọ̀dù, wọ́n á dìde jókòó, wọ́n á kó ìrọ̀rí lé itan, wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á gbé àyà lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wà báyìí," ni wọ́n ń sọ. "Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó máa ń gún mi yọ lẹ́yìn."

Mátírọ́ọ̀nù fúnra wọn wá. Wọ́n di èjìká Bùròdá Rafíù mú jẹ́jẹ́, wọ́n dá wọn padà dùbúlẹ̀, wọ́n fa aṣọ bò wọ́n. "Sinmi, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Kì í ṣe ìkà. Lójú wọn, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ ló ń sinmi. Lọ́jọ́ kejì, ojú Bùròdá Rafíù ti yí padà, dókítà sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Nígbà tí dókítà wa padà dé láti ibẹ̀, ó pe gbogbo wa jọ sínú yàrá tá a ti ń se abẹ́rẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe ọ́sà. Pánkíríà ni." Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí òkè ikùn rẹ̀, ó ní ká fojú inú wò ó pé ọwọ́ yìí wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àpòlúkù, tó fara ti egungun ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni pánkíríà wà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń pèsè omi tó ń bá ara da oúnjẹ, ó sì ń bá ara ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Tí òkúta kékeré bá já bọ́ láti inú òróòro tó dí ọ̀nà omi yẹn, tàbí tí ọtí líle bá ti ba ibẹ̀ jẹ́, tàbí tí àwọn nǹkan míì bá fà á, omi tó yẹ kó lọ da oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í da pánkíríà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrora náà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè ikùn, tí á sì gba inú kọjá sí ẹ̀yìn. Tí ẹni náà bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á le sí i. Tó bá tẹ̀ síwájú, á fúyẹ́ díẹ̀.

Ó wò wá. "Ọkùnrin yẹn ti ń sọ ọ́ fún wa," ni dókítà wí. "Bó ṣe ń jókòó yẹn ló fi ń sọ ọ́. Èmi náà ò gbọ́."

Mátírọ́ọ̀nù jáde, wọ́n lọ dúró síbi tá a ń sá aṣọ sí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tò wá sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ débi pé ńṣe la sún mọ́ wọn ká tó gbọ́.

"Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí aláìsàn wà bí ara rẹ̀ bá ṣe fẹ́, àfi tí dókítà bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ jókòó, kó jókòó. Tó bá fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ fún un ní ìrọ̀rí. Kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bó ṣe wà. Ẹni tó bá sì ní inú ń ro òun, ẹ gbà á gbọ́ ná."

Obìnrin tó máa ń ká gbogbo aṣọ ibùsùn nítorí igun kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí wọ́n lọ síbi ibùsùn ìyá àgbà kan, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú igun aṣọ náà sílẹ̀ kí ìyá lè káwọ́ ká ẹsẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Láti ìgbà yẹn, wọ́ọ̀dù wa ò gún régé mọ́. Ẹni kan á jókòó, ẹni kan á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹni kan á gbé ẹsẹ̀ lé ògiri. Àlejò kan bi Mátírọ́ọ̀nù pé ṣé wọ́ọ̀dù ni tàbí gáréèjì. Wọ́n ní, "Gáréèjì ni, Sà. Gbogbo wọn ló ń lọ sílé." Bí mo ṣe rí wọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì rí i pé eyín kan ti yọ lẹ́yìn ẹnu wọn.

Àwọn náà ló lé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ohun tí ojú àti ọwọ́ lè kọ́ ni àwọn ti kọ́ mi, pé ó ku èyí tó wà nínú ìwé, àti pé àwọn ò ní jẹ́ kí n máa fún èèyàn lábẹ́rẹ́ láìní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má gba ẹ̀bùrú. Ẹ lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo lọ, mo sunkún níbẹ̀ nítorí ìṣirò oògùn, mo yege, mo sì padà wá sí Kétu. Mátírọ́ọ̀nù ti ń múra láti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ padà, wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Mo ka gbogbo aláìsàn tó wà nínú ilé fún wọn, láti bí wọ́n ṣe ń mí dé ìka ẹsẹ̀. Wọ́n kàn mi orí ni. Ẹ̀bùn tó ju ìyẹn lọ, mi ò rí i gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Àwọn ohun èlò ń yí padà bí mo ṣe ń dàgbà. Abẹ́rẹ́ tá à ń lò lẹ́ẹ̀kan tá à ń jù nù dé, ìkòkò abẹ́rẹ́ sì di èyí tá a fi ń se omi tíì. Ẹ̀rọ tó ń ka ìfúnpá dé, tó ń dún kín-ín kín-ín, a ò fi etí gbọ́ ọ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Sikáànù dé, dókítà lè wo òróòro àti ẹ̀dọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ẹ̀kọ́ nípa ìrora náà yí padà. Wọ́n ti wádìí rẹ̀ pé ká fún èèyàn ní oògùn ìrora kì í bo àìsàn mọ́ dókítà lójú, pé kò sídìí láti fìyà jẹ ẹ́ kó tó rí ìtọ́jú. Wọ́n sì ní ká máa ní kí aláìsàn fi nọ́ńbà sọ bó ṣe ń dùn ún tó, láti òdo dé mẹ́wàá.

Nọ́ńbà yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tá a wà. Àwọn ará ọjà Mile 12 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Mo bi ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà, pé láti òdo dé mẹ́wàá, èwo ni. Ìyá ní ogún. Mo ní mẹ́wàá ló parí sí, Mà. Wọ́n ní, "Ó dáa, gba méjìdínlógún." A ná an títí, mẹ́sàn-án la fi parí ẹ̀, àwọn fúnra wọn sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé Alhaji Múdà wá. Ọ̀gá àwọn tó ń já tòmátì kúrò nínú ọkọ̀ ní Mile 12 ni wọ́n, èèyàn Ṣakí ni wọ́n, èèyàn ńlá, ohùn ńlá. Inú Márúwá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ni wọ́n gbé wọn wá, ṣùgbọ́n wọn ò jókòó sórí ìjókòó. Wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀, wọ́n kọjú sẹ́yìn, wọ́n gbé àyà lé ibi táwọn èrò ń jókòó sí. Mo ti rí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Mo rántí Bùròdá Rafíù kíákíá, mo sì sáré lọ bá wọn.

Mo bi wọ́n pé, "Alhaji, ibo ló ti ń dùn yín?"

Wọn ò lè gbé orí sókè. "Ó dà bíi pé wọ́n ki irin gbígbóná bọ̀ mí níwájú, ó sì yọ lẹ́yìn. Mummy, ẹ má dá mi dùbúlẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò ní dá yín dùbúlẹ̀, Sà."

Dókítà Ẹniọlá ló wà níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin tó já fáfá ni, bí mo bá ń sọ nǹkan tí mo rí fún un, ó máa ń dúró gbọ́ ọ. Mo sọ bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ nínú Márúwá fún un. Kò tíì tẹ inú wọn wò tó fi sọ pé, "Pánkíríà lèmi náà ń rò, Mummy. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìrora yẹn wálẹ̀." A fún wọn lábẹ́rẹ́ ìrora, a fa omi sí wọn lára, a gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ yẹ̀ wò.

Àbúrò wọn, Wàsíù, ló wá di ìṣòro. Ó ti gbọ́ pé níbi ìkómọ kan ni ẹ̀gbọ́n òun ti jẹ ẹran díndín kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, ẹni tó sì gbé ẹran náà fún wọn ni Báyọ̀, ẹnìkejì wọn lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n jọ ń du ipò ọ̀gá.

"Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ," ni Wàsíù ń sọ. "Kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Mo ti pe mọ́tò, Ṣakí là ń lọ. Ẹ yọ omi yẹn lára ẹ̀."

Dókítà Ẹniọlá sọ fún un pé tí wọ́n bá gbé wọn sọ́nà báyìí, wọ́n lè má dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wàsíù ò gbọ́. Ó ti ń kó bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ọ̀rá. Èmi náà mọ̀ pé tí mo bá bá a jà, á túbọ̀ le koko. Mo ní kó jẹ́ ká jókòó síta.

Mo bi í pé, "Wàsíù, ṣé ìwọ náà ń ṣiṣẹ́ tòmátì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

"Tí apẹ̀rẹ̀ bá dé láti òkè ọya, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá ti fọ́, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Omi ẹ̀ á máa ba ìyókù jẹ́. Gbogbo apẹ̀rẹ̀ lè lọ sí i."

"Tẹ́ ẹ bá wá gbé irú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà sínú ọkọ̀, tó tún lọ rin ọ̀nà Ṣakí ńkọ́?"

Mo ní ẹ̀yà ara kan wà nínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an báyìí, omi inú rẹ̀ ń da ara rẹ̀, kò sì sí ohun tó dáa fún wọn ju kí wọ́n wà lójú kan, kí omi máa wọ ara wọn, kí ìrora lọ sílẹ̀, kí dókítà máa ṣọ́ wọn. Mo ní kó dúró kí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, kí sikáànù sọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá ṣe bó ṣe fẹ́. Ó wo ọ̀rá bàtà ọwọ́ rẹ̀ títí.

Ibi tá a wà nìyẹn tá a gbọ́ ohùn Alhaji láti inú ilé. Abẹ́rẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní, "Wàsíù, gbé bàtà mi sílẹ̀. Ó ti ń rọ̀ mí." Wàsíù bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó sì fagi lé mọ́tò.

Èsì ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé pánkíríà ni lóòótọ́. Sikáànù fi òkúta wẹẹrẹ hàn nínú òróòro. Dókítà Ẹniọlá fi han Wàsíù lójú ẹ̀rọ, ó ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tó lè fi í sínú ẹran. Wàsíù wò ó, ó tún un wò. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ lọ rí Báyọ̀, torí òun ti lọ bú u nílé rẹ̀ kí òun tó wá. Báyọ̀ tẹ̀ lé e padà wá, ó gbé bàrà olómi ràgàjì kan dání. Ó jókòó ti Alhaji, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè dìde. Mi ò fẹ́ ipò yín mọ́. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ jù."

Alhaji fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n di inú mú, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pa àwọn lẹ́rìn-ín mọ́.

Ara wọn ò tètè bọ̀ sípò. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rù bà wá, tí ibà ń gbé wọn. Ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí èébì dúró pátápátá, Dókítà Ẹniọlá ní kí wọ́n fẹnu kan ògì fúyẹ́fúyẹ́. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò wọ́n. Wọ́n gbé ṣíbí sẹ́nu, wọ́n dúró, wọ́n gbé e mì. Wọ́n fi ọwọ́ pa òkè ikùn, wọ́n ń retí. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Mummy, kò gún mi." Aláìsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo yan iṣẹ́ tó dáa. Alhaji dùbúlẹ̀ gbọọrọ lọ́sàn-án yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì hanrun. Nígbà tó yá, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n yọ òróòro tó ń kó òkúta jọ náà kúrò. Ara wọn le báyìí. Wọ́n ṣì ń pariwo ní Mile 12, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹran díndín mọ́.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá bi mí pé kí ni mo kọ́ nínú gbogbo èyí, máa ní ìrora tẹ́lòmíràn kì í hàn sójú wa. Ẹni tó ń jẹ̀rora nìkan ló mọ bó ṣe rí. Tiwa ni ká gbà á gbọ́, ká wò ó dáadáa, ká sì tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Tí inú bá ń run yín lókè, tó ń lọ sẹ́yìn, tẹ́ ẹ ń bì, ẹ má lọ jókòó ti oògùn ọ́sà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó ku ìrora inú kan tí mo fẹ́ sọ, èyí tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni. Wọ́n ti ra kéèkì, a ò tíì gé e. Obìnrin kan tó ń wa Márúwá páàkì síwájú ilé ìwòsàn wa, ó fi àwọn èrò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wọlé, ó di ìbàdí mú. Àkọ́bí rẹ̀ ti wà ní yunifásítì. Ó ní, "Mummy, ẹ̀wà tí mo jẹ lánàá ni. Ẹ fún mi ní nǹkan tó máa mú un rọlẹ̀ kíá, èrò ń dúró dè mí."

Mo ní kó jókòó. Mo ń wò ó. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń bú àwọn tó ń gba owó lójú títì. Ó kàn dákẹ́ lójijì, ó di irin ibùsùn mú, ó mi ìbàdí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fẹ́ èémí jáde. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó dá a dúró sí. Kò pẹ́, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní ó ti dúró, pé ọjọ́ orí ni. Mo ní ikùn ńkọ́? Ó ní òun kàn sanra ni, àwọn tó ń wa Márúwá kì í rìn. Dókítà Ẹniọlá gbé ọwọ́ lé ikùn náà. Ó wò mí. Mo gbójú sókè wo àjà, kí n má baà rẹ́rìn-ín.

A ò tíì ráyè ṣàlàyé tán fún un tí ọmọ fi ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ṣì ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀wà yẹn ló ń yọ òun lẹ́nu. Ọmọbìnrin ni, ó pupa, ó sanra, ó sì bọ́ sọ́wọ́ mi pẹ̀lú ariwo. Ìyá gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo èmi.

"Ọmọ ta ló ń ké yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀wà àná ni."

Mo gbé ọmọ lé e láyà. Ó wo ojú ọmọ náà títí, ó fi ìka kan kàn án ní imú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà, ọmọ ń mì lórí àyà rẹ̀, Dókítà Ẹniọlá náà fara ti ògiri ó ń rẹ́rìn-ín. A gé kéèkì nígbà tó yá, ìyá ọmọ ló sì jẹ èyí tó tóbi jù.

Mo bọ́ yunifọ́ọ̀mù mi, mo ká a, mo kí gbogbo wọn, mo jáde. Àwọn èrò ṣì wà nínú Márúwá. Wọ́n ti gbọ́ ẹkún ọmọ, ẹnì kan ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, inú wọn ń dùn bíi pé àwọn ni wọ́n bí i. Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn yọ orí síta.

"Mummy, a bá wọn yọ̀ o," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ta ló máa wá gbé wa dé Ìkòsì báyìí?"